Ọwọ́ Inú Ìbọ̀sẹ̀

Ìbọ̀wọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ láyé mi, ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi ni. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú, gígùn, èyí tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó kú. Màmá mi á fà á bọ ọwọ́ òsì mi títí dé ìgbọ̀nwọ́, á fi rọ́bà so ó, á wá gbé abọ́ oúnjẹ síwájú mi. "Ó yá, jẹun." Ọ̀tún nìkan ló kù tí mo lè fi bu òkèlè. Bí mo bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ìbọ̀sẹ̀. Bí àlejò bá fẹ́ wá kí wa, ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ń lọ sí ọdún méje kó tó gbé e jù sínú àpótí, nígbà tó dá a lójú pé òsì ti kú lára mi.

Tíṣà ni màmá mi, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́. Kì í lu ọmọ, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì, kò gbẹ̀bẹ̀. Ìwọ fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó o wá rí ojú rẹ̀. Ìka kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì òun fúnra rẹ̀ tó wọ́, tí kò ṣe é nà. Ó ní ilẹ̀kùn ló pa á mọ́ nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Mo máa ń fẹ́ bá a nà án tí mo bá jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì, á sì rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Kí n má parọ́, òsì ò kú. Ó kàn lọ sápamọ́ ni. Tí màmá mi bá ti lọ sí ilé ìwé, òsì ni mo fi ń pa èkùrọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná, òsì ni mo fi ń sọ òkò sí máńgòrò. Nígbà tí mo dàgbà, tó di pé èmi ni mò ń lọ sí oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀, tí mo bá ti rí i pé èmi nìkan ni, mo máa gbé àdá sí òsì, mo máa ti ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo máa wá máa ṣán igbó lọ. Ìrọ̀rùn tó wà níbẹ̀! Ó dà bí kéèyàn bọ́ bàtà tó ti ń fún un lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n kí n gbúròó ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ́nà oko báyìí, kíá, àdá ti padà sí ọ̀tún. Olè ò lè yára jù mí lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìjà ẹ̀ṣẹ́. Kóòṣì mi, sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ káfíńtà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé ọwọ́ wo ni mo fi ń kọ̀wé. Mo ní ọ̀tún. Ó ní ó dáa, ẹsẹ̀ òsì síwájú, ọwọ́ òsì síwájú láti máa fi tọ́ ọ̀tá wò, ọ̀tún lẹ́yìn láti máa fi bá a sọ̀rọ̀ gan-an. Bí mo ṣe ń jà fún ọdún mẹ́rin nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń ya kóòṣì lẹ́nu. Ẹ̀ṣẹ́ òsì mi, tó yẹ kó jẹ́ ti ìtọ́wò lásán, òun ló máa ń dun àwọn èèyàn jù. Á ní, "Kí ló tiẹ̀ wà lọ́wọ́ yẹn?" Èmi á kàn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó nígbà náà. Gbogbo ẹni tó kàwé ló ń wo ojú Adó fún iṣẹ́. Èmi náà ti gba ìwé ẹ̀rí, ó ti lé ní ọdún méjì, mo ṣì wà nílé tí màmá mi ń bọ́ mi, èmi géńdé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìtìjú ló fẹ́ pa mí. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn dé pé ìpínlẹ̀ tuntun fẹ́ yan àwọn tí yóò máa ja ẹ̀ṣẹ́ fún un, ẹnì kan péré fún ìwọ̀n ara kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹni tí wọ́n bá yàn, wọ́n máa mú un lọ sí kámpù, wọ́n á sì gbà á síṣẹ́ ní ọ́fíìsì eré ìdárayá. Iṣẹ́ ọba! Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni oúnjẹ ò ti lọ geere lọ́fun mi mọ́.

Àwa méjì ló kù ní ìwọ̀n ara tèmi. Ẹnì kejì, ọmọ Ìlawẹ̀ ni. Nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Oǹdó, èmi àti ẹ̀ la jọ wà ní kámpù ní Àkúrẹ́, nínú yàrá kan náà, a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó tiẹ̀ sọ fún mi nígbà kan pé, "Ọ̀rẹ́, kí ọ̀tún rẹ tó gbéra, èjìká rẹ á ti sọ fún mi." Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ jà, mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn níbi tí mo ti ń wẹ̀, ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Pápá ilé ìwé màmá mi gan-an ni wọ́n gbé ríìngì sí, lọ́jọ́ Sátidé kan, lọ́sàn-án gangan. Màmá mi ò wá wo ìjà mi rí. Ó ní òun ò bí ọmọ kí wọ́n máa gbá a lójú kí òun sì jókòó máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń so okùn bàtà mi, mo rí i tó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá bọ̀, agboòrùn lọ́wọ́ kan, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lábẹ́ apá kejì. Kò wá sídìí ríìngì. Ó ṣílẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó jókòó síbẹ̀, ó dorí kodò, ó ń máàkì ìwé. Mo ní nínú ọkàn mi pé, Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò jókòó sílé?

Agogo ró. Ráúǹdì mẹ́ta péré ni. Ní ti ráúǹdì kìíní, mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Òsì, òsì, mo ń tọ́ ọ wò, ó ń padà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo rí àyè, mo ju ọ̀tún pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Èjìká mi ti sọ fún un, bó ṣe wí. Kò sá. Ńṣe ló tẹrí ba, ó gbé iwájú orí rẹ̀ pàdé ẹ̀ṣẹ́ mi, níbi tó le jù lórí ọmọ èèyàn. Mo gbọ́ ọ. Mi ò sọ pé mo mọ̀ ọ́n lára o, mo ní mo gbọ́ ọ, káú, nínú ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ìrora gòkè wá dé abíyá.

Háà, mo gbé! Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ìkejì ni pé kí n má jẹ́ kó hàn lójú mi. Tí rẹfirí bá mọ̀, á dá ìjà dúró. Tó bá dá ìjà dúró, ọmọ Ìlawẹ̀ ló ni kámpù, òun ló niṣẹ́, èmi á padà sí ẹnu ọ̀nà ilé wa láti máa ka iye okadà tó ń kọjá. Mo fi ọ̀tún bo àgbọ̀n bí ẹni pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, mo fi òsì nìkan lé e kiri títí agogo fi ró.

Kóòṣì bomi sí mi lórí. Ó ní, "Ọ̀tún rẹ dà? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i."

Mo ní, "Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni, sà."

Ó wò mí, ó wo ìbọ̀wọ́ náà.

Nígbà tí ráúǹdì kejì bẹ̀rẹ̀, mo dá ọgbọ́n kan. Ó ṣáà ní èjìká mi ló máa ń sọ fún òun. Ó dáa, mo máa fi èjìká náà parọ́ fún un. Mo rẹ èjìká ọ̀tún sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jù ú, ó fò sẹ́yìn, mo fi òsì bá a níbi tó sá sí. Mo tún ṣe é, ó tún sá. Inú mi ń dùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé irọ́ náà ò lè pẹ́. Lóòótọ́ ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, èjìká mi rẹ̀ sílẹ̀, kò sá mọ́. Ó dúró. Ó ń wo ọ̀tún mi. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe yé e, àní mo rí i! Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wọlé bọ̀ wá bá mi bí ẹni tó ń wọ yàrá ara rẹ̀.

Yéè! Ojú mi rí màbo. Ó ń gbá mi níhà, ó ń gbá mi létí, mi ò sì ní nǹkan tí mo fẹ́ fi dá a dúró. Mo dì mọ́ ọn, rẹfirí yà wá. Mo tún dì mọ́ ọn, rẹfirí kìlọ̀ fún mi. Kóòṣì ń pariwo láti igun wa, "Ọ̀tún! Ju ọ̀tún, ìwọ ọmọ yìí!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bí mo ṣe fẹ̀yìn ti okùn, mo rí fèrèsé kíláàsì yẹn. Màmá mi ò gbójú sókè. Ó ń máàkì, ó ń máàkì, ó ń ṣí ìwé bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bí agogo ṣe ró tí mo jókòó, kóòṣì fún ìbọ̀wọ́ ọ̀tún mi mọ́ ọwọ́ rẹ̀ láìsọ fún mi. Omi bọ́ lójú mi. Ó ní, "Mo mọ̀!" Ó na ọwọ́ sí táwẹ̀lì tí kóòṣì máa ń jù sínú ríìngì láti fi dá ìjà dúró.

Mo fi apá dì í mú. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má jù ú. Ẹ jẹ́ n yí ẹsẹ̀ padà."

"Yí ẹsẹ̀ padà sí ibo?"

"Kí n gbé òsì sẹ́yìn. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, sà. Láti kékeré. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ni."

Ó la ẹnu sílẹ̀. "Ọdún mẹ́rin," ó ní. "Ọdún mẹ́rin lo fi ń parọ́ fún mi! Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?" Ó fẹ́ bínú, ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìkánjú nu ojú mi. "Ṣé o ti fi jà rí?"

"Rárá, sà."

"Olúwa ò! Tó bá gbá ọ gbáko lẹ́ẹ̀mejì, mo máa jù ú. Ṣé o gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Lójú ara mi báyìí, ẹni tó ń fi ìyà jẹ mí wà níwájú mi, eegun ọwọ́ mi ti ṣẹ́, iṣẹ́ ọba ń bọ́ lọ síbi tí mi ò ti ní rí i mọ́, kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé màmá mi máa rí mi. Bí mo ṣe dìde lórí àpótí yẹn, ọwọ́ òsì mi ń mọ rọ́bà ìbọ̀sẹ̀ náà lára.

Agogo ráúǹdì kẹta ró, mo ti ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ọmọ Ìlawẹ̀ dúró, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. Kò rí irú ẹ̀ rí lára mi ní gbogbo àkókò tí a fi jẹun pọ̀. Mo ju òsì láti ẹ̀yìn, mo kánjú, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi lọ́ mọ́ra, ó sì fi ọ̀tún gbá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìkíní. Mo gbọ́ tí kóòṣì fọwọ́ gbá pákó ríìngì. Orí mi ń hó. Mo ní, ó ti parí nìyí, mo kúkú ti tú àṣírí ara mi lásán.

Nígbà náà ni oko bàbá mi wá sí mi lọ́kàn. Lóko, èèyàn kì í na ọwọ́ lé igbó. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, àdá á sì tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Mo bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sí ẹ̀yìn òde ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, mo sún díẹ̀ sí apá ọ̀tún, síbi tí ọ̀tún rẹ̀ ò ti ní tètè bá mi. Mo na ọwọ́ tó ṣẹ́ yẹn síwájú, mo fi tọ́ iwájú orí rẹ̀ lásán, kó má baà ríran dáadáa. Ìrora yẹn, mi ò lè ròyìn ẹ̀. Mo wá jẹ́ kí òsì máa bọ̀.

Ó wọlé. Mi ò ní gbàgbé e láé. Ó wọlé láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì dùn mí rárá, bí ẹni pé kò kan nǹkan kan. Orí rẹ̀ fò sẹ́yìn. Mo gbé ẹsẹ̀, mo tún jù ú. Ó ń wá èjìká ọ̀tún mi kiri kó lè bá a sọ̀rọ̀, èjìká ọ̀tún ò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Rẹfirí tì mí sẹ́yìn, ó na ìka sójú rẹ̀, ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀jọ. Ó ní kí a máa bá a lọ. Ọmọ Ìlawẹ̀ tún bọ̀, nítorí ọkùnrin ni, ó gbá mi níhà lẹ́ẹ̀kan tí mi ò fi lè mí. Mo ń bẹ agogo pé kó jọ̀ọ́ kó ró. Ìgbà tó yá, ó ró.

Mo wo fèrèsé. Màmá mi ti dìde dúró. Ó di irin fèrèsé mú, bíírò pupa wà níka rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo gbé ojú kúrò kíákíá.

Adájọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀kan fún ọmọ Ìlawẹ̀, méjì fún èmi. Ọ̀rẹ́ mi dì mọ́ mi, ó ní létí mi pé, "Ojú rẹ ò ṣe é gbà gbọ́. Níbo lo gbé ìyẹn pamọ́ sí?" Dókítà wo ọwọ́ mi, ó ní eegun kan ti ṣẹ́, á jiná kí kámpù tó bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé tó ti Adó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ ọ́ ní kíákíá kí mọ́tò àwọn tó gbéra, nítorí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá bá wọn lọ lónìí, òun ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe títí di òní ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn.

Mo wọ kíláàsì lọ bá màmá mi. Mo ń retí ìbínú. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún mi, tó ti wú bí iṣu, ó kì í bọ inú korobá omi tútù. Mo fi òsì gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, mo mú bíírò. Ẹ wo ìwé tí mo kọ! Adìẹ máa kọ èyí tó dáa jù ú lọ. Ọwọ́ tó lè fi ẹ̀ṣẹ́ gba iṣẹ́ ò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ìta ni dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè mọ́tò.

Màmá mi já bíírò gbà lọ́wọ́ mi. "Sún sọ́hùn-ún." Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Mo mọ ìwé màmá mi. Mo ti ń wò ó lójú pátákó láti kékeré, ó mọ́, ó sì le, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Èyí tó ń kọ báyìí ń ṣàn. Ó ń sáré lọ, ó rẹwà, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó tó ìlà mẹ́ta kí n tó mọ ohun tí mò ń wò. Ìka tó wọ́ yẹn ló gbé sábẹ́ bíírò náà.

"Mọ́mì."

"Hẹ̀n?"

"Òsì lẹ fi ń kọ̀wé."

Ó dúró. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Ara mi ń gbọ̀n ni," ó ní. "Ọ̀tún ò gbà."

Mo bi í pé, "Ìka yín yẹn, ṣé ilẹ̀kùn ni?"

Fèrè mọ́tò tún dún. "Igi ni," ó ní. "Bàbá mi ni. Mo fi òsì gbé omi fún àlejò rẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ìwọ náà gbé e wá, mò ń ronú kiri ilé, mò ń wá ohun tí mo lè fi ṣe é kó tó di pé ẹlòmíràn máa bá mi ṣe é. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo rí." Ó nu imú. "Ìbọ̀sẹ̀ kì í dun èèyàn."

Ọwọ́ mi wà nínú omi, mò ń wo omi.

Ó gbé ojú padà sí fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan ló kù nísàlẹ̀. Ó kà á sókè fún mi, bó ṣe máa ń ka ìbéèrè fún kíláàsì rẹ̀: ọwọ́ wo ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò yìí fi ń jà? Mo la ẹnu láti sọ pé ọ̀tún, nítorí ohun tí mo ti ń sọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ó ti kọ ọ́ kí n tó dáhùn. Ó kọ òsì, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí ohun tí kò bá fẹ́ kí àwọn ọmọ gbàgbé.